Ara Yíyá àti Inú Dídùn: Eré Ìdárayá Ojoojúmọ́ Láàrin Iṣẹ́ àti Ìsinmi ní Agbègbè Ìkòròdú

0. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ipa tí lílo ara lójoojúmọ́ ń kó nínú bí inú ènìyàn ti ń rí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Àwọn dókítà ń sọ ọ́, rédíò ń sọ ọ́, àwọn oníwàásù pàápàá ti ń mẹ́nu bà á: wọ́n ní kí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, tí ìrònú gbà lọ́kàn, máa ṣe eré ìdárayá. Ìmọ̀ràn yìí dára. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé agbègbè Ìkòròdú, ìbéèrè kan yóò dìde sí i. Obìnrin tí ó gé pákí lóko, tí ó rù ú wálé, tí ó bó o, tí ó sì dúró ti iná láti dín in ní gàrí, lè bi wá pé eré ìdárayá wo ni ó kù tí òun kò tí ì ṣe. Apẹja tí ó ti ń tukọ̀ láti òru lórí ọ̀sà lè bi wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń wa yanrìn lábẹ́ omi lè bi wá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé lílàágùn nìkan ni ó ń mú inú dùn, àwọn wọ̀nyí ni inú wọn ì bá máa dùn jù ní gbogbo ìlú. A sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Èrò tí a ó gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo lílo ara ni ó ń dá ara yá. Èyí tí ó ń tu ọkàn lára ni èyí tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn, tí ó mọ ìgbà tí yóò parí, tí ó sábà máa ń ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn, tí ìsinmi sì tẹ̀ lé. A ó kọ́kọ́ wo ohun tí èdè Yorùbá fi hàn nípa ara àti inú. Lẹ́yìn náà ni a ó wo ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti rí. Nígbà náà ni a ó wá gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kí a lè mọ ìmọ̀ràn tí ó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

1. Ara àti inú nínú èdè Yorùbá

Bí a bá fetí sí bí àwọn Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera àti ayọ̀, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sábà máa ń lò fún méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) (a) Ara mi ti yá.
 (b) Ara mi yá gágá.
 (d) Orí mi yá sí iṣẹ́ náà.

Ẹni tí ó sọ (1a) ń sọ pé àìsàn tí ó ń ṣe òun ti lọ. Ẹni tí ó sọ (1b) lè má ṣàìsàn rárá. Ohun tí ó ń sọ ni pé inú òun dùn, pé òun wà ní ìmúra fún ohunkóhun. Ní (1d), orí ni ó yá, ìtara ni a sì ń tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, *yá*, ni ó so ìlera, ayọ̀ àti ìtara pọ̀. Àwọn àgbà náà a sì máa pa á lówe pé inú dídùn ní í mú orí yá.

(2) (a) Ara mi kò balẹ̀.
 (b) Ọkàn mi kò balẹ̀.

(3) (a) Ó rẹ̀ mí.
 (b) Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì.

Ní (2), gbólóhùn kan náà ni. Ara ni ó wà nínú ọ̀kan, ọkàn ni ó wà nínú èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sì lo (2a) níbi tí ó jẹ́ pé ọkàn wọn gan-an ni kò balẹ̀. Ní (3), àárẹ̀ ara àti àárẹ̀ ọkàn fara jọ ara wọn ní ìró. A kò fi dandan lé e pé ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n àwọn tí ń sọ èdè náà mọ̀ pé ọ̀kan kì í jìnnà sí èkejì. Bákan náà ni a máa ń wí pé ìbànújẹ́ sorí àgbà kodò. Orí tí ó sorí kodò jẹ́ ohun tí a lè fi ojú rí. Ìbànújẹ́ kò lè fi ara pamọ́ fún ọrùn àti èjìká.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí a ń yẹ̀ wò gan-an ni *eré ìdárayá*. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Èkíní, *eré* ni a pè é, a kò pè é ní *iṣẹ́*. Eré náà ni ó wà nínú *sáré*, èyí tí í ṣe *sá eré*. Òun náà ni ó wà nínú eré òṣùpá tí àwọn ọmọdé ń ṣe. Èkejì, *ìdárayá* jẹ́ ì + dá + ara + yá. Ènìyàn lè dá ara rẹ̀ yá. Ó sì lè dá ẹlòmíràn lára yá pẹ̀lú ìlù, ijó tàbí àwàdà. Ṣùgbọ́n a kì í fi ipá dá ẹnikẹ́ni lára yá. Ẹni tí a fi ipá mú sáré kò ṣe eré ìdárayá. Ìyà ni ó jẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lẹ́nu wa, ó ti ya ohun tí a yàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó di dandan. A ó rí i láìpẹ́ pé ìwádìí òde òní kò jìnnà sí ibẹ̀.

2. Ohun tí ìwádìí ti fi hàn

Ní 1999, James Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan lórí ènìyàn 156 tí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jà. Gbogbo wọn ti pé ẹni 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan ń rìn kánkán tàbí ń sáré ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn kan ń lo oògùn, àwọn yòókù sì ń ṣe méjèèjì. Oògùn ni ó tètè ṣiṣẹ́ ju ìrìn lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 fi pé, kò sí ìyàtọ̀ gidi mọ́ láàrin ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn tí ara wọn ti yá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí ó ṣe eré ìdárayá nìkan ni àìsàn náà kò padà sí lára tó ti àwọn yòókù. Ní 2007, wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 202. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fi oògùn òfìfo tí kò ní agbára kankan kún un kí wọ́n lè ní ohun tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún, 45 ni ó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn náà láàrin àwọn tí ó jọ ṣe eré pa pọ̀, 40 láàrin àwọn tí ó dá a ṣe nílé, 47 láàrin àwọn tí ó lo oògùn, àti 31 láàrin àwọn tí ó lo oògùn òfìfo. Èyí fi hàn pé eré ń ṣiṣẹ́. Ó tún fi hàn pé ìrètí àti àbójútó nìkan a máa wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn.

Ìwádìí mìíràn tẹ̀ lé àwọn ènìyàn tí àìsàn yìí kò tí ì ṣe. Ní Norway, Samuel Harvey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà 33,908 wò, tí a tẹ̀ lé fún ọdún 11. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí gbogbo wọn bá ti ń ṣe eré ìdárayá fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, a kì bá ti rí 12 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú lẹ́yìn náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé wákàtí kan *lọ́sẹ̀* ni wọ́n wí. Ní 2024, Michael Noetel àti àwọn mìíràn kó ìwádìí 218 jọ, èyí tí ènìyàn 14,170 kópa nínú rẹ̀. Wọ́n rí i pé ìrìn, sísáré, yoga àti gbígbé ohun wíwúwo wà lára ohun tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ jù fún àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ń dà láàmú.

A kò gbọdọ̀ sọ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn tí ó ṣe àyẹ̀wò fún Cochrane ní 2013 gbé ìwádìí 39 yẹ̀ wò. Wọ́n gbà pé eré ìdárayá ń dín ìrẹ̀wẹ̀sì kù, ṣùgbọ́n wọ́n sọ pé bí a bá mú kìkì àwọn ìwádìí tí a ṣe dáradára jù, àǹfààní náà a kéré sí i. Ohun kan tún wà: ẹni tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kì í fẹ́ rìn. Nítorí náà, nígbà mìíràn tí a bá rí i pé àwọn tí kì í rìn ni inú wọn kì í dùn, ìbànújẹ́ ni ó dá wọn jókòó, kì í ṣe ìjókòó ni ó bà wọ́n nínú jẹ́.

Báwo ni ara tí ó ń mira ṣe ń tu inú lára? Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Oorun ẹni tí ó ti lo ara rẹ̀ níwọ̀nba a máa dára sí i, oorun tí ó dára sì ń mú kí ènìyàn lè fara da ìṣòro ọjọ́ kejì. Ọpọlọ pàápàá a máa yí padà: ní 2011, Kirk Erickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú àwọn àgbàlagbà 120, àwọn tí ó rìn ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún kan ni ẹ̀yà ọpọlọ tí a fi ń rántí nǹkan fẹ̀ sí i pẹ̀lú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àwọn yòókù ń súnkì. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó jáde nílé ti kúrò níbi tí ó ti ń ro ohun kan náà lójú kan. Ó rí ènìyàn, wọ́n kí i, ó dáhùn. Ó sì ti ṣe ohun kan tí ó ní lọ́kàn láti ṣe. Fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti sọ fún pé kò lè ṣe ohunkóhun, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

3. Ibi tí iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí eré

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ní 1953, Jerry Morris tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ alájà méjì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fi àwọn awakọ̀ tí ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ wé àwọn kọ̀ńdọ́tọ̀ tí ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ sókè sódò. Àìsàn ọkàn kò pọ̀ lára àwọn kọ̀ńdọ́tọ̀ tó ti àwọn awakọ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé ìrìn ibi iṣẹ́ àti ìrìn ìgbafẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọkàn tí ń lù kìkì nínú àyà. Ọkàn tí ń banú jẹ́ ńkọ́?

Ní 2017, Rhiannon White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 98 jọ, wọ́n sì ya lílo ara sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń lò ó. Wọ́n rí i pé àwọn tí ń lo ara nígbà ìgbafẹ́, àti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ, ni ìlera ọkàn wọn dára sí i. Ṣùgbọ́n lílo ara lẹ́nu iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn tí iṣẹ́ wọn gba agbára jù ni àárẹ̀ ọkàn sún mọ́ díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Adam Chekroud àti àwọn mìíràn tẹ ohun tí wọ́n rí nínú ìdáhùn àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá jáde. Àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá ní ọjọ́ ìbànújẹ́ tí ó fi nǹkan bí 43 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kì í ṣe é. Eré tí a ń ṣe ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ ni àǹfààní rẹ̀ hàn jù. Àwọn tí ó ń ṣe é ju wákàtí mẹ́ta lọ lóòjọ́ kò sì sàn ju àwọn tí kì í ṣe é rárá.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí pẹ̀lú. Èdè wa fi àmì ohùn ya *iṣẹ́* sọ́tọ̀ kúrò lára *ìṣẹ́*, ṣùgbọ́n nínú ayé, àwọn méjèèjì a máa gbé inú ilé kan náà. Ẹni tí ń ru ẹrù fún owó sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò ní owó. Ó lè jẹ́ pé gbèsè, ebi àti owó ilé-ìwé ọmọ ni ó bà á nínú jẹ́, kì í ṣe ẹrù. Síbẹ̀, bí a bá gbé ẹrù náà wò fúnra rẹ̀, a ó rí ohun mẹ́rin tí kò sí nínú rẹ̀ tí ó wà nínú eré. Alárù kì í yan ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí yóò parí, nítorí pé bí ó bá ti sọ ọ̀kan kalẹ̀, òmíràn ń dúró. Kì í fi gbogbo ìgbà ní ẹni tí wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín. Kì í sì í sinmi tó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ kò sì yá.

4. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́: ẹsẹ̀, ọkọ̀ àti ọ̀sà

Ìlú ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kọ̀-ojú-omi ni Ìkòròdú jẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà láti Rẹ́mọ ti pàdé ọ̀sà. Àwọn oníṣòwò a ru ẹrù wá láti òkè, ọkọ̀ ojú omi a sì gbé e lọ sí Èkó. Ọ̀nà òwò yìí wà lára ohun tí ó fa ìjà tí àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti Ìkòròdú ní 1865, kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ti Èkó wá lé wọn. Ní ayé náà, kò sí ẹni tí yóò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó rìn. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìsinmi.

Ìkòròdú òde òní yàtọ̀. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 535,619 ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ti kún un láti ìgbà náà wá, nítorí pé àwọn tí owó ilé Èkó ga jù fún ń ṣí wá síbẹ̀. Bí a bá wo bí wọ́n ti ń lo ara, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín àwọn ènìyàn ibẹ̀ sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tí ń fi agbára jẹun: àgbẹ̀, apẹja, alárù, bíríkìlà, awayanrìn, àwọn obìnrin tí ń dín gàrí. A ti sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ẹ̀kejì ni àwọn tí ilé wọn wà ní Ìkòròdú tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó. Ọ̀pọ̀ wọn ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ìjọba la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ BRT láti Mile 12 dé Ìkòròdú ní 2015, àwọn mìíràn sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìpakodò. Síbẹ̀ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò tí ì tán lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó jókòó ní wákàtí méjì lọ, tí ó jókòó níbi iṣẹ́, tí ó tún jókòó ní wákàtí méjì bọ̀, yóò sọ pé ó rẹ òun. Òótọ́ ni, ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ìjókòó àti ìpáyà ni, kì í ṣe ti ìrìn. Ẹni yìí ni ìmọ̀ràn rédíò bá mu jù, òun náà ni kò sì ní àyè rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń jókòó sójú kan: onísọ́ọ̀bù, télọ̀, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, àti àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ìrìn kékeré tí ó kù fún wọn láti ilé dé ọjà ni ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ti gbà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ni ó fà á. Ọ̀pọ̀ ojú pópó kò ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà. Ẹ̀rù tún wà níbẹ̀. Láàrin 2016 àti 2017, ẹgbẹ́ apànìyàn tí a mọ̀ sí Badoo kó jìnnìjìnnì bá gbogbo agbègbè náà. Àwọn ènìyàn ń ṣọ́ àdúgbò wọn lóru, wọn kò sì fẹ́ rí àjèjì. Ẹni tí ó bá wí fún obìnrin pé kí ó máa dá sáré ní ìdájí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò tí ì ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ibi kan.

5. Bí àwọn baba wa ti ń sọ iṣẹ́ di eré

Yorùbá kò fi iṣẹ́ àti eré sí ìhà méjì tí kò lè pàdé. Wọ́n ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú ọ̀kan wọ inú èkejì. Ẹ wo ọ̀wẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ ilé tàbí ro oko ńlá, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn ẹbí, àna àti ọ̀rẹ́ yóò wá, yóò sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ní ti àáró, àwọn ọ̀dọ́ yóò jọ ro oko ẹnì kan lónìí, wọn yóò ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ọkọ́ kan náà ni, oòrùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀, orin wà, àwàdà wà, ìdíje wà. A mọ ibi tí iṣẹ́ yóò parí sí, a sì mọ oúnjẹ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ohun mẹ́rin tí a sọ pé alárù kò ní ni ọ̀wẹ̀ fi lé ẹni tí ó wá ṣe é lọ́wọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lórí omi. Ní Ẹ̀pẹ́, ìdíje ọkọ̀ títù lórí ọ̀sà ni ọdún Ọ̀kòsì dá lé. Àwọn tí ń fi àjẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ ni yóò gbé àjẹ̀ kan náà láti fi du ipò iwájú, tí àwọn èrò yóò máa hó lẹ́bàá omi. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé iṣan apá ń ṣe ohun tí ó yàtọ̀. Ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe ni ó yàtọ̀. Ijó náà kò gbẹ́yìn: ènìyàn lè jó láti ìrọ̀lẹ́ di òru níbi ìnáwó láìrántí pé ara ni òun ń lò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òógùn rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí ó rìn lọ.

Onímọ̀ kan lo ọgbọ́n yìí nínú ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arọ̀, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ògiri, ó fi wọ́n sí abúlé tí ó wà nítòsí ilé-ìwòsàn, pẹ̀lú ẹbí kan tí yóò máa tọ́jú wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú dókítà, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé gbé, wọ́n ń bá wọn ṣe iṣẹ́ àti fàájì. Oògùn àti ìtọ́jú wà nínú ètò náà, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ìwòsàn tí ó ti ibẹ̀ wá fún lílo ara. Ohun tí a rí kọ́ ni pé iṣẹ́ tí a ń ṣe láàrin àwọn ènìyàn tí ó mọyì ẹni lè jẹ́ ara ìwòsàn.

6. Ìmọ̀ràn tí ó yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní 2020, dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa lo ara níwọ̀nba fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí iye yìí dẹ́rù ba ẹni tí kò lè dé ibẹ̀. Ní 2022, Matthew Pearce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 15 jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ó ṣe ìdajì ohun tí a dá lábàá ti fi 18 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí ewu ìrẹ̀wẹ̀sì ju àwọn tí kì í ṣe é rárá lọ. Ìdajì náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lójúmọ́.

Fún ẹni tí ń fi agbára jẹun, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹrù kún ẹrù. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìsinmi ni ohun kékeré tí ó jẹ́ tirẹ̀: ijó ní ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday, tàbí kí ó bá ọ̀rẹ́ rìn láìru ohunkóhun. Bí ó bá sì ṣeé ṣe kí àwọn tí ń dín gàrí pawọ́ pọ̀ bí aláàáró, iṣẹ́ kan náà yóò fúyẹ́ lọ́kàn wọn.

Fún ẹni tí ń lọ sí Èkó, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tirẹ̀ bí ọ̀nà bá dára, kí ó fi ẹsẹ̀ parí ìrìn náà. Bí a ti rí i, ìrìn tí a fi ń lọ sí ibi kan wà lára èyí tí ó bá ìlera ọkàn rìn. Fún ẹni tí ń jókòó sójú kan, kí ó máa dìde ní wákàtí wákàtí, kí ó sì fi ẹsẹ̀ gba ohun tí ó ti ń rán ọlọ́kadà.

Ní ti ẹ̀rù ojú ọ̀nà, òwe ti sọ ọ́: àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, bí ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ alájọ, ẹgbẹ́ inú ìjọ àti ti mọ́sáláṣí, lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọn yóò jọ rìn nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹni tí kò bá wá, wọn yóò béèrè rẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an jẹ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti ṣe ojú ọ̀nà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti láti tan iná sí i. A kò lè fi ìmọ̀ràn dí ihò tí ó wà lójú títì.

7. Ààlà ọ̀rọ̀ yìí

Ohun méjì ni ó kù tí a gbọ́dọ̀ sọ. Èkíní, ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó le kì í jẹ́ kí ènìyàn lè dìde lórí ibùsùn. Bí a bá wí fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kí ó lọ sáré, bí ìgbà tí a pè é ní ọ̀lẹ ni. Kí ẹnì kan lọ bá a, kí wọ́n jọ jókòó síta, kí wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn tó fún ọjọ́ kan. Bí kò bá lè jẹun tàbí sùn, tàbí tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, kí wọ́n gbé e lọ rí dókítà láìjáfara. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkòròdú, ilé-ìwòsàn àìsàn ọpọlọ tí ó wà ní Yábàá láti 1907 sì wà fún irú èyí. Eré ìdárayá lè ran oògùn lọ́wọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì láìbi dókítà.

Èkejì, eré ìdárayá kò lè san gbèsè. Níbi tí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́ ni ó fa ìbànújẹ́, ìrìn lè fún ènìyàn ní agbára láti kojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò owó ọ̀yà tí ó tọ́.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìyàtọ̀ wà láàrin ara tí ń ṣiṣẹ́ àti ara tí ó yá. Ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé lílo ara níwọ̀nba ń ran inú dídùn lọ́wọ́, pàápàá èyí tí a yàn fúnra wa tí a sì jọ ṣe pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ó sì fi hàn pé làálàá ibi iṣẹ́ kì í ṣe irú èyí. Èdè Yorùbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí ó pe ọ̀kan ní iṣẹ́ tí ó sì pe èkejì ní eré ìdárayá. Ọ̀wẹ̀, àáró àti ìdíje ọkọ̀ sì fi hàn bí a ti ń mú ìkejì wọ inú ìkíní. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin tí ń dín gàrí bá bi wá pé eré ìdárayá wo ni ó kù tí òun kò tí ì ṣe, a ní ìdáhùn fún un. Iṣẹ́ tí ó ṣe ti tó, ó tilẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tí ó kù fún un ni ìsinmi, àti ìwọ̀nba àkókò tí yóò lo ara rẹ̀ fún ara rẹ̀, láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀.